Bí A Ṣe Ń Ṣojú Ará Ìlú Níbi Tí Wọ́n Ti Ń Pinnu Ọ̀rọ̀ Orúkọ Ìkànnì

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 2019, ICANN, àjọ tí ń bójú tó ètò orúkọ ìkànnì káàkiri àgbáyé, tún àdéhùn .org ṣe pẹ̀lú Public Interest Registry, ilé-iṣẹ́ tí ń tọ́jú orúkọ náà. Nínú àdéhùn àtijọ́, owó tí ilé-iṣẹ́ yìí ń gbà lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ fi ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dún kan. Nínú ti tuntun, wọ́n yọ gbèdéke yẹn kúrò. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àjọ aláàánú ló pọ̀ nínú àwọn tí ń lo .org, owó tó bá sì gun orí orúkọ wọn, àpò ọmọ ẹgbẹ́ ni yóò ti jáde. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn náà, wọ́n gba èrò ará ìlú. Èrò tó wọlé lé ní 3,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ló sì lòdì sí i. Wọ́n fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀ náà.

Kò tíì pé oṣù márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí Internet Society, àjọ àìlérè tó ni Public Interest Registry, fi kéde pé òun fẹ́ tà á fún Ethos Capital, ilé-iṣẹ́ olówò aládàáni kan, ní bílíọ̀nù 1.135 dọ́là. Ariwo ta. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìgbìmọ̀ olùdarí ICANN kọ̀ jálẹ̀, títà náà sì forí ṣánpọ́n.

Kí ló fà á tí ará ìlú fi pàdánù lẹ́ẹ̀kíní, tí wọ́n sì rí ti wọn gbà lẹ́ẹ̀kejì? Nínú èrò tó wọlé ní 2019, lẹ́tà kan náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn dà kọ, débi pé ẹni tí ń gbọ́ ẹ̀hónú ní ICANN fúnra rẹ̀ sọ pé àwọn lẹ́tà náà fẹ́ jọ ìsọkúsọ tí kọ̀ǹpútà ń tú sínú àpótí ìméèlì. Ní 2020, ìbéèrè tí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n béèrè: ta ni yóò san gbèsè mílíọ̀nù 360 dọ́là tí òwò yìí máa dì ru ilé-iṣẹ́ náà, kí ló sì máa de ẹni tó rà á mọ́ iṣẹ́ àìlérè tí wọ́n torí rẹ̀ dá a sílẹ̀? Wọ́n tún mọ ilé ẹni tó yẹ kí wọ́n lọ kanlẹ̀kùn: nígbà tó di ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin, Xavier Becerra, tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ California nígbà náà, kọ̀wé sí ICANN pé kó má gbà. Lójú tèmi, lẹ́tà yẹn ló gba ọ̀rọ̀ náà já, ṣùgbọ́n kì bá tí sí lẹ́tà rárá bí kò bá sí àwọn tó ti ka ìwé òwò náà ní àkàtúnkà, tí wọ́n sì fi ibi tó ti jìn hàn.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tàbí ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì yẹn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí ìpinnu wà

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ará ìlú já sófo ni pé wọ́n gbé e lọ síbi tí agbára rẹ̀ kò sí. ICANN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California ní ọdún 1998, ló ní ọ̀rọ̀ sọ lórí àwọn orúkọ tí kì í ṣe ti orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo, bíi .com, .org àti .africa. Orúkọ onílẹ́tà méjì ti orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé: NiRA ló ń tọ́jú .ng, Nominet ló ń tọ́jú .uk, NIC.br ló ń tọ́jú .br ní Brazil, .bj ti Benin àti .tg ti Togo náà sì ní tiwọn. Bó bá jẹ́ pé iye tí wọ́n ń ta .com.ng ló ń dùn yín, ẹ má wulẹ̀ kọ̀wé sí Los Angeles.

Òfin ICANN kò sì fún un láyè láti dá sí ohun tí ẹnikẹ́ni kọ tàbí gbé sórí ìkànnì rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n pa ìkànnì kan nítorí pé ó ń parọ́ mọ́ òun yóò gba èsì oníwà-pẹ̀lẹ́ pé kí ó lọ sí ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 2024, àdéhùn ICANN ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tí ń tọ́jú orúkọ àti àwọn tí ń tà á láti gbé ìgbésẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ẹ̀rí tó dájú pé wọ́n ń fi orúkọ kan jí nọ́ńbà àṣírí àwọn ènìyàn gbà tàbí tan kòkòrò kọ̀ǹpútà kálẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀nà tí a gbà sọ ọ̀rọ̀ kan náà ṣe lè yí èsì rẹ̀ padà. “Oníjìbìtì ni ìkànnì yìí” kò mú wọn lápá. “Wọ́n fi orúkọ yìí ṣe ojú-ìwé tó jọ ti báńkì láti gba PIN àwọn oníbàárà, àwòrán rẹ̀ àti ọjọ́ tí a rí i nìyí, a ti fi tó ẹni tó ta orúkọ náà létí, kò sì ṣe nǹkan kan” mú wọn lápá, nítorí pé ó ti di ọ̀rọ̀ àdéhùn tí ẹnìkan kò mú ṣẹ.

Ẹ tún wádìí ẹni tí olùpinnu fúnra rẹ̀ ń jíhìn fún. Títí di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 2016, ìjọba Amẹ́ríkà ló ń mójú tó iṣẹ́ ICANN lórí àkọsílẹ̀ orúkọ àgbáyé. Láti ìgbà náà, àwọn ẹgbẹ́ tó para pọ̀ di ICANN ló lè pawọ́ pọ̀ yọ olùdarí nípò tàbí kọ ètò ìnáwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n àjọ àìlérè tí òfin California dá sílẹ̀ ló ṣì jẹ́, ìdí sì nìyẹn tí agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà fi lẹ́nu níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ sọ irú ará ìlú tí ẹ ń ṣojú

Kò sí ẹni tí kì í pe ara rẹ̀ ní agbẹnusọ ará ìlú nínú àwọn ìpàdé wọ̀nyí. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ ńlá yóò ní ará ìlú ni òun ń gbà lọ́wọ́ ayédèrú; ọlọ́pàá yóò ní ará ìlú ni òun ń ṣọ́; ẹni tí ń jà fún àṣírí ọmọnìyàn yóò sọ bẹ́ẹ̀ náà, wọn yóò sì máa tako ara wọn. Títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè wo orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó bá forúkọ ìkànnì sílẹ̀. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Yúróòpù lórí àṣírí ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n bò mọ́lẹ̀. Oníròyìn tí àwọn alágbára ń lépa mí kanlẹ̀. Ẹni tí gbájú-ẹ̀ kó lówó lọ, tó sì fẹ́ mọ ẹni tó ni ìkànnì ayédèrú náà, bínú. Ará ìlú ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá kàn ní “ará ìlú ń fẹ́” láìsọ èwo nínú wọn kò tíì sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun ránṣẹ́, ẹ kọ ojú-ìwé kan péré fún ara yín: irú àwọn ènìyàn tí ẹ ń ṣojú, ibi tí wọ́n wà, ohun tí wọ́n ń fi orúkọ ìkànnì ṣe, bí ẹ ṣe gbọ́ èrò wọn, àti ẹni tí ń gbọ́ bùkátà yín. Bí ó bá jẹ́ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá ní Ìbàdàn ni, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé gbogbo Áfíríkà ni, nítorí pé ẹlòmíràn láti Áfíríkà yóò wà nínú ìpàdé náà, yóò sì dìde pé òun kò rán yín níṣẹ́. Bí ẹ bá kó àwọn ènìyàn jọ láti gbọ́ tẹnu wọn, ẹ kọ iye tó wá àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é sílẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ ju méjìlá lọ. Ènìyàn méjìlá tí a lè tọ́ka sí wúlò ju mílíọ̀nù tí a fẹnu lásán pè lọ.

Ìgbà kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ aṣojú yìí pẹ̀lú ìbò. Ní ọdún 2000, ICANN jẹ́ kí àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì fúnra wọn dìbò yan olùdarí márùn-ún, ọ̀kan láti ẹkùn àgbáyé kọ̀ọ̀kan, Nii Quaynor láti Ghana ló sì wọlé fún Áfíríkà. Ìbò tí wọ́n dì láti gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà kò tó 200. Wọn kò tún ṣe irú ìbò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹgbẹ́ ni ará ìlú ń gbà wọlé báyìí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ gba ẹnu ọ̀nà tó bá iṣẹ́ yín mu wọlé

Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ẹnikẹ́ni lè dá kọ èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ICANN láìdarapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kankan, ṣùgbọ́n èrò adánìkanrìn kì í pẹ́ rá sáàárín èrò àwọn ilé-iṣẹ́ tó ní agbẹjọ́rò nídìí. Ẹnu ọ̀nà mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀, wọn kò sì gba owó ọwọ́ yín kí ẹ tó wọlé.

AFRALO ni ẹ̀ka Áfíríkà fún àwọn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹgbẹ́ lè wọ ibẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan náà sì lè wọ ibẹ̀. Ìpàdé rẹ̀ ń lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Faransé, ògbufọ̀ sì wà níbẹ̀, èyí tó jẹ́ kí Yorùbá láti Kétu tàbí Pọ̀tónóòfò lè jókòó ti èyí tó wá láti Òṣogbo láìsí wàhálà. AFRALO àti irú rẹ̀ mẹ́rin mìíràn lágbàáyé ló ń yan mẹ́wàá nínú ọmọ ìgbìmọ̀ 15 tí ń jẹ́ ALAC, tí wọ́n ń gba ìgbìmọ̀ olùdarí ICANN nímọ̀ràn lórúkọ àwọn aṣàmúlò. ALAC àti àwọn alága ẹ̀ka márùn-ún wọ̀nyí ló ń yan ọ̀kan nínú olùdarí 16 tó lè dìbò.

NCUC wà fún ẹni kọ̀ọ̀kan àti ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò, NPOC sì wà fún àwọn àjọ àìlérè. Àwọn méjèèjì wà lábẹ́ òrùlé kan tó ní ìjókòó mẹ́fà nínú ìgbìmọ̀ GNSO, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìlànà .com, .org àti irú wọn gan-an. Ibí ni ìyàtọ̀ wà, ó sì yẹ kí ẹ rò ó dáadáa: ALAC ń gbani nímọ̀ràn lórí ohun gbogbo, ṣùgbọ́n kò ní ìbò nínú GNSO, àwọn NCUC ní ìbò, ṣùgbọ́n ìjà lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ àti àṣírí ẹni ló gba ọkàn wọn jù. Bó bá jẹ́ tèmi, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo oníbàárà yóò rí ará jù ní AFRALO, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo oníròyìn yóò sì rí ará jù ní NCUC.

Ẹnu ọ̀nà kẹta ni ìjọba. Nàìjíríà ní aṣojú nínú GAC, ìgbìmọ̀ àwọn ìjọba, ìmọ̀ràn tí àwọn ìjọba bá sì fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ wúwo: olùdarí ICANN kò lè kọ̀ ọ́ àyàfi bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn bá dìbò pé kí wọ́n kọ̀ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà ojú-ìwé kan sí aṣojú náà ṣáájú ìpàdé, kí ẹ sì má retí pé ìjọba yóò máa sọ ohun tí ará ìlú fẹ́ nígbà gbogbo.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ àkókò

Ojú-ìwé kan wà lórí ìkànnì ICANN tí wọ́n kọ Public Comment sí. Gbogbo àbá tó ń dúró de èrò ará ìlú wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ilẹ̀kùn yóò tì, nǹkan bí 40 ọjọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń fi sílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ìwé náà lè tó ọgọ́rùn-ún ojú-ìwé, ẹgbẹ́ yín sì ní láti kà á, kí wọ́n jiyàn lórí rẹ̀, kí wọ́n kọ èsì, kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tún fọwọ́ sí i. Ẹ pín àkókò náà sí mẹ́ta: ìdá kan fún kíkà, ìdá kan fún gbígbọ́ tẹnu àwọn tí ẹ ń ṣojú, ìdá kan fún kíkọ. Ẹni tí kò bá mọ ilẹ̀ ilé náà lè kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lórí ICANN Learn, kí ó sì béèrè fún ètò Fellowship, tí ń san owó ọkọ̀, ilé àti oúnjẹ fún àwọn tí wọ́n bá yàn láti lọ sí ìpàdé.

Kókó kan péré lọ́dún ti tó fún ẹgbẹ́ kékeré. Owó oṣù ni aṣojú ilé-iṣẹ́ ń gbà láti jókòó síbẹ̀. Ẹ̀yin ń ṣe é lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ yín, àárẹ̀ sì ni ohun tó ń lé aṣojú ará ìlú lọ jù níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ kọ èrò tí kò ṣe é sọ nù

Ìwé àbá kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà fún ìmọ̀ràn kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́ka sí nọ́ńbà náà. Ẹ sọ bóyá ẹ gbà á, ẹ kò gbà á, tàbí ẹ gbà á bí wọ́n bá tún un ṣe. Ẹ sọ ẹni tí yóò ṣe léṣe tàbí tí yóò ṣe láǹfààní, kí ẹ sì kọ gbólóhùn tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe, òun ló sì lágbára jù, nítorí pé akọ̀wé tí iṣẹ́ ti wọ̀ lọ́rùn yóò tètè mú gbólóhùn tó ti délẹ̀ ju kó tún jókòó ronú èyí tuntun lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ kan tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Orúkọ ìkànnì lè ní àmì èdè lórí báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ń tọ́jú orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe àkójọ àwọn lẹ́tà tó gbà láti tà, IANA, ẹ̀ka ICANN tí ń bójú tó àkọsílẹ̀ orúkọ àgbáyé, sì ń tọ́jú ẹ̀dà àwọn àkójọ wọ̀nyí níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ẹni tó mọ Yorùbá kọ ni yóò mọ ohun tó yẹ kó wò nínú rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, “ẹ” jẹ́ lẹ́tà kan, ṣùgbọ́n “ẹ́” jẹ́ ohun méjì tó so pọ̀: “ẹ”, àti àmì òkè tó dá dúró. Àkójọ tó bá gba ẹ àti ọ, tí kò sì gba àmì òkè náà, ti fún wa ní ìdajì èdè wa. Ẹni tí kò kọ èdè wa lè wo irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kó ní, “Yorùbá ti wà níbẹ̀.”

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fàlà sábẹ́ línkì, ìlà náà máa ń gorí àmì ìsàlẹ̀, tí ọjà yóò sì fara jọ ojà lójú ẹni tí ń kánjú. Gbájú-ẹ̀ lè lo àǹfààní yẹn. Onímọ̀ ẹ̀rọ tí kò ní èdè wa lẹ́nu lè sọ pé ọ̀nà tó yá jù ni kí wọ́n má gba lẹ́tà alámì rárá, yóò sì sọ pé nítorí ààbò ará ìlú ni. Èrò tí aṣojú Yorùbá lè kọ sórí irú àbá bẹ́ẹ̀ lè lọ báyìí:

“Lórí ìmọ̀ràn kẹta: a kò gbà pé kí wọ́n yọ ẹ, ọ àti ṣ kúrò nínú àkójọ lẹ́tà. Lẹ́tà Yorùbá tó dá dúró ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lórí e, o àti s. Ewu ìfarajọ tí ìgbìmọ̀ sọ wà lóòótọ́ níbi tí ìlà bá wà lábẹ́ orúkọ. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n kọ dípò rẹ̀ nìyí: nígbà tí orúkọ méjì bá yàtọ̀ síra nípa àmì ìsàlẹ̀ nìkan, ẹnìkan ṣoṣo ni kí wọ́n forúkọ méjèèjì sílẹ̀ fún, tàbí kí wọ́n ti èkejì pa. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò, tí iye wọn àti ọjọ́ ìjíròrò wà ní ìsàlẹ̀ ìwé yìí, fara mọ́ ọn.”

Kò gùn. Ó gba pé ewu wà kó tó tako oògùn tí wọ́n fẹ́ lò fún un, ó sì gbé ọ̀nà mìíràn kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí pé ICANN ti gba ìlànà pé orúkọ tó jẹ́ ìrísí ara wọn gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan náà. Ẹ má fi èébú sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má sì fi ìtàn gígùn nípa ìyà tí Áfíríkà ti jẹ sí i. Bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, kò ní gbólóhùn kankan tí wọ́n lè mú nínú rẹ̀ sọ sínú òfin. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn mìíràn bá yín kọ̀wé, ẹ má fún wọn ní lẹ́tà tí ẹ ti kọ tán; ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ìmọ̀ràn náà, kí kálukú fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bó ṣe kàn án.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ wọ ìgbìmọ̀ iṣẹ́

Nígbà tí ìwé bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ará ìlú, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pinnu tán. Inú ìgbìmọ̀ iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Working Group, ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìlànà, ẹnikẹ́ni ló sì lè tọ́pa iṣẹ́ wọn, nítorí pé wọ́n máa ń gba ohùn ìpàdé sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ jáde. Láti jókòó níbẹ̀, ẹ óò kọ́kọ́ kọ ìwé kan tí ń sọ ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ń sanwó fún yín àti ohun tí ẹ lè jèrè nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ kọ ọ́ ní òtítọ́, kí ẹ sì máa ka ti àwọn yòókù: ẹni tí ń pariwo ará ìlú lè jẹ́ ẹni tí ilé-iṣẹ́ kan gbà síṣẹ́.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìpàdé wọ̀nyí ti ń wáyé, UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n fi ń ka àkókò wọn. Ẹ fi wákàtí kan kún un fún Nàìjíríà àti Benin, Togo kò nílò àfikún. Wọ́n lè pè yín ní ọ̀gànjọ́ òru kí ará Amẹ́ríkà lè wá ní ọ̀sán. Ẹ sọ orúkọ yín kí ẹ tó sọ̀rọ̀, nítorí ẹni tí ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì rọra sọ ọ́, nítorí ògbufọ̀. Bí iná bá lọ tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ohun tí kò bá sí lákọsílẹ̀, wọn yóò kà á sí pé ẹ kò sọ ọ́.

Wọn kì í sábà dìbò nínú ìgbìmọ̀ iṣẹ́. Alága ló ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, tí yóò sì kéde bóyá gbogbo ènìyàn fẹnu kò, bóyá ọ̀pọ̀ fẹnu kò tí díẹ̀ kọ̀, tàbí bóyá kò sí ìfẹnukò kankan. Ẹni tó dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ọn, ẹ kọ èrò tiyín gẹ́gẹ́ bí èrò àwọn tó kéré, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi sínú ìròyìn ìkẹyìn. Ẹ má kẹ́gàn àwọn tí ń ta orúkọ ìkànnì nínú ìgbìmọ̀ náà. Àwọn ni yóò mú ìlànà yẹn ṣẹ, wọ́n sì sábà máa ń wà lápá kan náà pẹ̀lú àwọn tí ń jà fún àṣírí oníbàárà.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má lọ sùn lẹ́yìn ìpinnu

Lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn èrò bá tì, àwọn òṣìṣẹ́ ICANN máa ń kó èrò gbogbo jọ sínú ìròyìn kan. Ẹ ka ohun tí wọ́n ní ẹ sọ. Bí wọ́n bá ti gé e débi tí ìtumọ̀ rẹ̀ fi yí padà, ẹ kọ̀wé sí òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìròyìn náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Lẹ́yìn èyí, ìgbìmọ̀ GNSO yóò dìbò, lẹ́yìn náà ni yóò tó kan àwọn olùdarí. Bí ìdìbò GNSO bá sì lágbára tó, àfi kí ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn olùdarí kí wọ́n tó lè kọ̀ ọ́. Ẹ tètè rí àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ tó wá láti ẹgbẹ́ yín kí ọjọ́ ìbò tó pé.

Bí ìpinnu náà bá rú òfin ICANN fúnra rẹ̀, ẹ lè béèrè pé kí wọ́n tún un wò láàárín 30 ọjọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó dá dúró wà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbèdéke owó .org tún dé: Namecheap, ilé-iṣẹ́ kan tí ń ta orúkọ ìkànnì, gbé e lọ síbẹ̀, ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 wọ́n sì dá a láre pé ICANN kò ṣe ìpinnu yẹn ní gbangba bí òfin rẹ̀ ṣe wí. Ẹ kíyè sí i pé ilé-iṣẹ́ ló san owó ẹjọ́ náà. Owó rẹ̀ kì í ṣe owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú lè dá, nítorí náà ọ̀nà ALAC, tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ má gbàgbé .ng

NiRA kì í ṣe ẹ̀ka ICANN, kì í sì í ṣe ilé-iṣẹ́ ìjọba. Ẹgbẹ́ àìlérè ni, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló sì ń yan àwọn tí ń darí rẹ̀. Ẹni tó bá di ọmọ ẹgbẹ́ lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí iye owó, lórí bí wọ́n ṣe ń yanjú ìjà lórí orúkọ, àti lórí bóyá a ó lè fi ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú ohùn orí wọn forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ .ng. Àpérò ọdọọdún lórí ìṣàkóso íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà, NIGF, náà wà fún ẹni tí kò tíì ṣe tán láti di ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ kọ ìbéèrè yín ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ ìpàdé, kí ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tí “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “bẹ́ẹ̀ kọ́” lè dáhùn, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ ìdáhùn náà sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó dáhùn.